Bí A Ṣe Ń Dín Sítéèkì Nílé Pẹ̀lú Ẹran Màlúù Ọjà Wa

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kò sí ẹran tí ó ń dé inú òróró láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ gba inú ìkòkò kọjá. A óò fọ̀ ọ́, a óò bu iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, a óò gbé e ka iná títí yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà ni a óò tó dín in tàbí kí a dà á sínú ọbẹ̀. Omi tí a fi bọ̀ ọ́ kò sì ní ṣòfò, nítorí pé inú rẹ̀ ni adùn ọbẹ̀ wà. Ọ̀nà yìí dára fún ẹran tí ó le, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá ni ó jẹ́ fún sítéèkì. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú láti dín sítéèkì fún ara mi, mo kọ́kọ́ bọ ẹran náà fún ìṣẹ́jú 15 kí ọkàn mi lè balẹ̀, kí n tó wá dín in. Ohun tí mo gbé ka orí tábìlì le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ọ̀bẹ sì yọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ráyè wọlé.

Ègé ẹran màlúù tí ó nípọn ni sítéèkì, èyí tí a gé dábùú ìlà iṣan rẹ̀, tí a sì fi ooru gbígbóná mú jinná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìfi omi kàn án. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é wá láti inú èdè àtijọ́ àwọn ará ìhà àríwá Yúróòpù, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ẹran sísun. Ìkòkò a máa sọ ẹran líle di rírọ̀ nítorí pé ó ní wákàtí kan tàbí méjì láti fi bá a fà á, títí àwọn okùn funfun tí ó so ẹran pọ̀ yóò fi yọ́. Páànù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí ẹran kò bá ti rọ̀ kí ó tó dé orí iná, ìṣẹ́jú mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kò lè sọ ọ́ di rírọ̀. Nítorí náà, ìdajì iṣẹ́ sítéèkì wà lọ́dọ̀ alápatà, èyí tí ó pọ̀ nínú ìyókù wà nínú fìríìjì, ti orí iná gan-an ló kéré jù.

Màlúù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ́jà wa ni màlúù funfun tí ó ní iké lẹ́yìn, tí àwọn Fúlàní ń dà. Ẹran rẹ̀ dùn, adùn ẹran gidi sì ni, ṣùgbọ́n màlúù náà ti rìn púpọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, koríko ló jẹ dàgbà, ó sì sábà máa ń gbó díẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ alápatà. Ẹran tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ a máa yi, ọ̀rá rẹ̀ a sì máa dì mọ́ ara lóde dípò kí ó wọ inú iṣan. Sítéèkì tí a ń rí nínú àwòrán láti Amẹ́ríkà, tí ọ̀rá funfun fín kiri inú ẹran pupa bí ẹni pé wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà á, wá láti ara màlúù tí wọ́n fi àgbàdo bọ́ ní oṣù mélòó kan kí wọ́n tó pa á. Ẹni tí ó bá ń wá irú rẹ̀ kiri ìsọ̀ alápatà wa yóò pẹ́ kí ó tó délé. Ohun tí agbára wa ká ni kí a wá ibi tí màlúù tiwa náà kì í fi ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni mo máa ń wò. Èkíní ni fílẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó sùn sí abẹ́ eegun ẹ̀yìn láti inú, nítòsí kíndìnrín. Ó gùn gbọọrọ, ó tóbi ní ìkángun kan, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìkejì. Méjì péré ló wà lára odidi màlúù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Iṣẹ́ tí màlúù ń fi iṣan yìí ṣe kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ó fi rọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti àwọn méjì yòókù. Èkejì ni ẹran òkè ẹ̀yìn, láti ibi tí egungun ìhà parí sí títí dé ìbàdí, tí àwọn ilé ìtajà ńlá ń pè ní sálọ́ìnì. Ó ní ọ̀rá tí ó lọ tààrà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀kẹta ni ẹran tí ó lé orí egungun ìhà, lẹ́yìn èjìká; bí ọ̀rá yóò bá wọ inú ẹran màlúù wa rárá, ibẹ̀ ni a óò ti rí i. Ojúgun, ọrùn, igẹ̀ àti ìsàlẹ̀ itan, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ sínú ọbẹ̀. Kò sí ọgbọ́n orí iná tí yóò sọ ojúgun di sítéèkì.

Ọ̀nà tí alápatà wa ń gbà gé ẹran kò bá èyí mu. Àdá rẹ̀ a máa gba inú ẹran àti egungun kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, owó tí oníbàárà bá sì mú wá ni yóò fi wọn ẹran, tí yóò fi ṣàkì, fùkù àti ọ̀rá kún un. Ó di dandan kí a tètè dé. Ní Èkó, púpọ̀ nínú ẹran tí à ń jẹ ń wá láti odò ẹran Oko-Ọba ní Agége, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó sì ń dé ojú ọjà. Bí oòrùn bá fi ràn kí a tó dé, fílẹ́ẹ̀tì á ti di ègé wẹ́wẹ́ láàárín ẹran yòókù.

“Alàájì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé ti abẹ́ ẹ̀yìn yẹn.”

“Oníbàárà mi, ẹ káàárọ̀. Ẹran èló ni kí n gé?”

“Odidi rẹ̀ ni mo fẹ́. Ẹ má fi egungun sí i, ẹ má sì fi ṣàkì lé e.”

“Ẹran lásán! Owó rẹ̀ á yàtọ̀ o.”

Owó rẹ̀ yàtọ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Bí alápatà bá ń tajà fún hòtẹ́ẹ̀lì, orúkọ náà fílẹ́ẹ̀tì yóò yé e. Bí kò bá yé e, ẹ fi ọwọ́ hàn án. Ẹ gbà á lódindi, kí ẹ sì gé e fúnra yín nílé. Tí ẹ bá gbé e sínú fìrísà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó gé e, yóò le díẹ̀, ọ̀bẹ yóò sì gba inú rẹ̀ kọjá láìfà á ya. Kí ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìka méjì tí a tò lé ara wọn. Èyí tí ó bá fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ yóò ti gbẹ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n.

Ohun kan wà tí ó ya èmi gan-an lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la gbà pé ẹran tí wọ́n pa láàárọ̀ ni ó dára jù, tí a bá sì rí i tí ó ṣì ń ta pọ́nún lórí tábìlì alápatà, a óò ní òun ni ojúlówó. Fún ọbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí a bá pa màlúù, iṣan rẹ̀ á gan, á sì le koránkorán, ó sì tó ọjọ́ kan sí méjì nínú òtútù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Àwọn èròjà kan tí ó wà nínú ẹran náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tú okùn iṣan náà díẹ̀díẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn alápatà ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi máa ń fi ẹran kọ́ sínú yàrá tútù fún ọ̀sẹ̀ kan, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó tà á. Àwa kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n a lè fún ẹran ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ fìríìjì tí kò gbóná ju 4°C lọ, lórí àwo, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Ìyàtọ̀ tí yóò wà láàárín rẹ̀ àti èyí tí a dín ní ọjọ́ tí a rà á kò kéré.

Iná mànàmáná ni ìṣòro wa níbí, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Bí iná bá ń lọ fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ ní àdúgbò yín tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀, ẹ má fi ẹran dán fìríìjì wò. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì péré bí iná bá dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sínú fìrísà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ óò dín in, ẹ dá a padà sínú fìríìjì kí yìnyín rẹ̀ yọ́ jẹ́jẹ́. Kí ẹ má sọ ọ́ sínú omi, kí ẹ má sì fi sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná di òwúrọ̀. Ẹran tí ó bá ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá tàbí tí ó ń rùn kíkan, ìdalẹ̀nù ni kí ẹ jù ú sí.

Ọ̀rọ̀ fífọ ẹran kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí ó ń mójú tó ìlera oúnjẹ nílẹ̀ òkèèrè kìlọ̀ pé kí a má fọ ẹran, nítorí pé omi tí ó ń ta káàkiri ni ó ń gbé kòkòrò àrùn lọ sórí àwo àti ọ̀bẹ. Mo gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹran tiwọn kì í ṣe èyí tí eṣinṣin ti bà lé, tí èérún egungun sì lẹ̀ mọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ṣan odidi ẹran náà kíákíá ní ọjọ́ tí mo rà á, kí n tó gé e, láìrẹ ẹ́ sínú omi, n óò sì fi ọṣẹ fọ ibi tí mo ti ṣàn án. Lẹ́yìn náà, n óò fi tíṣù nù ún gbẹ títí tíṣù tí mo bá fi kàn án kò fi ní tutù mọ́. Mo mọ̀ pé tíṣù lè pọ̀ tó mẹ́fà tàbí méje lórí ègé ẹran kan. Ẹ má ṣahun rẹ̀, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ó ku iyọ̀. Gíráàmù 3 tó fún ègé tí ó wọ̀n ní gíráàmù 300, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ kíkúnná. Àkókò tí a fi í sí i ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ẹ wo ojú ẹran náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti bu iyọ̀ sí i. Kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn: omi á sẹ̀ jáde wínníwínní bí ìrì, á parapọ̀, iyọ̀ á sì yọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí iná ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, omi yẹn ni páànù yóò kọ́kọ́ máa bá jà. Tí ẹ bá ní sùúrù di nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 45, ẹran á ti máa fa omi iyọ̀ náà padà sínú ara rẹ̀, adùn á sì wọlé ju orí awọ lọ. Nítorí náà, yálà kí a fi iyọ̀ sí i ní kété tí a fẹ́ gbé e sórí iná, tàbí kí a fi sí i ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, tàbí, èyí tí ó dára jù, ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a sì jẹ́ kí ó sùn nínú fìríìjì láìbò ó. Ojú rẹ̀ á gbẹ bí awọ ìlù ní òwúrọ̀. Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

Kọ́rì, táìmù oníyẹ̀fun, Maggi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìkòkò. Nínú páànù tí ó gbóná, ìyẹ̀fun a máa jó, a sì máa korò, gbogbo owó fílẹ́ẹ̀tì á wá dà bí èédú lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń fi kún iyọ̀ ni iyèré lílọ̀, tí í ṣe ìbátan ata dúdú àwọn òyìnbó, òun náà sì di ìgbà tí ẹran bá ti kúrò lórí iná. Ní ti ewé ìbẹ́pẹ tàbí ìbẹ́pẹ tútù tí àwọn ìyá wa fi ń mú ẹran rọ̀, òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé oje rẹ̀ a máa gé okùn ẹran. Mi ò ní fi kan fílẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ ẹran òkè itan ni ẹ rí rà, ẹ rin ìbẹ́pẹ tútù díẹ̀, ẹ fi pa á lára fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì nù ún kúrò pátápátá. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, òde ẹran á ti di mọ́kẹmọ̀kẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì le.

Páànù tí ó wúwo ni kí ẹ wá. Páànù irin dúdú ló dára jù, agbada tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ náà á ṣe é, ṣùgbọ́n páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń dín ẹyin, ooru rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ní gbàrà tí ẹran tútù bá ti bà lé e. Iná gáàsì gbọ́dọ̀ wà ní kíkún, iná èédú tí ó ti pọ́n rẹ́kẹrẹ̀kẹ sì tún dára ju gáàsì lọ; sítóòfù oníkẹrosíìnì kò lágbára tó. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá tí aṣọ wà, nítorí pé èéfín yóò sọ. Ẹ jẹ́ kí páànù gbófo lórí iná fún ìṣẹ́jú 4 sí 5, kí ẹ wá ta ẹ̀kán omi kan sí i: bí omi náà bá kàn hó tí ó sì gbẹ, ó kù díẹ̀, bí ó bá di róbótó tí ó sì ń sáré kiri bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ti tó. Nígbà náà ni kí ẹ da òróró ẹ̀pà ṣíbí kan sí i. Bọ́tà kò ní lè dúró de irú ooru yìí, tirẹ̀ ń bọ̀.

Ẹ fi ẹ̀mú tàbí ọwọ́ tẹ́ ẹran sínú páànù, kí ó máa ṣubú síwájú kúrò lọ́dọ̀ yín kí òróró má baà ta sí yín lára. Ariwo rẹ̀ yóò sọ bí iṣẹ́ ṣe rí. Bí ó bá ń pariwo ṣàààà láìdákẹ́, ọ̀nà ti là. Bí ariwo náà bá rọlẹ̀ tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, bíbọ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: omi kì í gbóná kọjá 100°C nínú páànù, bẹ́ẹ̀ ni pípọ́n tí ó ń fún ẹran ní òórùn àti adùn kì í yára ṣẹlẹ̀ àfi bí ojú ẹran bá ti dé nǹkan bí 140°C sókè. Onímọ̀ kẹ́míṣírì ará Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1912, bí èròjà ara ẹran àti ṣúgà díẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe ń pàdé nínú ooru tí wọ́n sì ń di ọ̀pọ̀lọpọ̀ adùn tuntun. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà lójú ẹran, ooru páànù á kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣòfò lórí gbígbẹ omi. Ìdí tíṣù mẹ́fà nìyẹn. Òun náà ni kò fi yẹ kí ègé ẹran ju méjì lọ nínú páànù kan.

Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ alásè pé kí a yí ẹran lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí pé iná á “dí ihò” ara rẹ̀ kí omi má baà jáde. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan, Justus von Liebig, ló tan irú èrò yẹn kálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1847, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹran tí a ti fi iná pọ́n lójú ṣì ń sọ omi nù. Ariwo ṣàà tí ẹ ń gbọ́ gan-an, omi tí ó ń jáde ni. Adùn la ṣe ń jẹ́ kí ó pọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí apá kìíní gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ẹ yí i, ẹ fún apá kejì ní iye kan náà, lẹ́yìn náà ẹ dín iná kù díẹ̀ kí ẹ sì máa yí i ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ooru á wọ inú rẹ̀ dọ́gba, òde rẹ̀ kò sì ní jó. Bí ó bá ní ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ẹ̀mú gbé e nàró lórí ọ̀rá náà títí yóò fi pọ́n tí yóò sì yọ́ díẹ̀.

Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún dín iná kù, ẹ fi bọ́tà ṣíbí kan sí i pẹ̀lú aáyù mẹ́ta tí ẹ ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tẹ̀ fọ́. Ẹ dẹ páànù sí ẹ̀gbẹ́ kan kí bọ́tà lè kójọ, kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú da orí ẹran léraléra. Bọ́tà á ru fùkẹ̀fùkẹ̀, òórùn rẹ̀ á dà bí ti ẹ̀pà yíyan. Bí ó bá fẹ́ di dúdú, ẹ gbé páànù kúrò lórí iná kíá.

Ó wá ku ìbéèrè tí gbogbo ará ilé yóò bi yín: ṣé ó ti jinná? Tẹmómítà oúnjẹ ni mo fi ń dá wọn lóhùn, ohun kékeré tí kò wọ́n tó fílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹran láti ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi dé àárín gbùngbùn. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ ẹ́ ní 55°C, tí inú rẹ̀ ṣì pupa. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ẹran ọjà wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyin aràn pẹlẹbẹ tí màlúù ń kó láti inú koríko ẹlẹ́gbin a máa di ọmọ aràn nínú iṣan rẹ̀, wọ́n sì ti rí i lára màlúù nílẹ̀ wa. Ẹran tí kò jinná ni ó ń gbà wọ inú ènìyàn. Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún odidi ègé ẹran màlúù ni 63°C, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 3, òun sì ni mo ń tẹ̀lé. Mo máa ń gbé e kúrò lórí iná ní 60°C, nítorí pé ooru òde á ṣì máa wọlé, á sì gbé e dé 63°C tàbí kí ó kọjá rẹ̀ díẹ̀ lórí àwo. Ẹ tún fi tẹmómítà wò ó kí ó dá yín lójú. Ní ìwọ̀n yìí, inú rẹ̀ á ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, omi á sì wà nínú rẹ̀. Fún aláboyún, ọmọdé àti arúgbó, ẹ jẹ́ kí ó dé 71°C. Ẹ fún wọn ní fílẹ́ẹ̀tì tí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ sì lo iná tí kò le jù, kí gbígbẹ rẹ̀ má baà pọ̀.

Omi pupa tí ó ń sun jáde kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Àlàyé yìí pọn dandan nínú ìdílé tiwa, nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí kọ̀ láti fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ kan, pé ẹ̀jẹ̀ kò tọ́ sí àwọn láti jẹ. Ẹ̀jẹ̀ màlúù ti dà jáde ní odò ẹran. Omi ara ẹran ni èyí, pẹ̀lú èròjà aláwọ̀ pupa tí iṣan fi ń tọ́jú afẹ́fẹ́ tí ó ń lò. Òun kan náà ni ooru ń sọ di àwọ̀ eérú bí ẹran bá jinná kọjá ààlà. Wọ́n gbọ́ àlàyé mi dé ìparí. Wọ́n ṣì ní kí n dá tàwọn padà sórí iná, mo sì dá a padà.

Ẹni tí kò ní tẹmómítà lè fi ọ̀bẹ ṣóńṣó la àárín ẹran díẹ̀ kí ó yọjú wo inú rẹ̀. Omi tí yóò bá ibẹ̀ jáde kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ẹran náà sílẹ̀ lórí àwo fún ìṣẹ́jú 5 sí 8. Ìgbà yìí ni àlejò máa ń gbé ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì dání tí wọn á máa wojú yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bí a bá gé e ní kété tí ó bọ́ lórí iná, omi inú rẹ̀ á ya kún àwo. Bí ó bá sinmi, omi náà á ki díẹ̀, púpọ̀ rẹ̀ á sì dúró sínú ẹran.

Kí a tó gé e, ẹ wo ìlà ara rẹ̀. Iṣan ẹran dà bí ìdì ìgbálẹ̀: ẹyọ ìgbálẹ̀ gígùn tí ó tẹ̀ lé ara wọn lápá kan náà. Bí a bá gé e ní ìbámu pẹ̀lú ìlà náà, okùn gígùn gbọọrọ ni eyín yóò máa bá fà. Bí a bá gé ìdì náà dábùú, ègé kúkúrú ni ó máa dé ẹnu. Lára ẹran màlúù tiwa, ìgé yìí nìkan lè mú kí ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ rò pé ẹran mìíràn ni. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá bu iyèré sí i.

Ẹ má fọ páànù yẹn o. Ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni ọbẹ̀ ata yín. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà àti ata rodo kan sí i lórí iná kékeré, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ̀, ẹ bu ìdajì ife omi ẹran tí ó ṣẹ́kù nínú fìríìjì sí i (ìkòkò náà rí ìpín tirẹ̀ nígbẹ̀yìn), ẹ fi ṣíbí onígi ha ìdí páànù náà mọ́. Nígbà tí ó bá gbẹ díẹ̀ tí ó sì ki, ẹ fi bọ́tà kékeré kan sí i, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó ronú iyọ̀, nítorí pé iyọ̀ ara ẹran ti wà níbẹ̀. Dùndú ni mo máa ń fi jẹ ẹ́, mo sì máa ń dín dùndú kí n tó bẹ̀rẹ̀ sítéèkì, nítorí pé dùndú lè dúró de ẹran díẹ̀, ẹran kò lè dúró de dùndú.

Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ má gbé e padà sórí iná, yóò gan. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gé e pẹ́lẹ́bẹ́ ní tútù bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù àti ata díẹ̀ láti inú páànù àná, ẹ tẹ́ ẹ sí àárín búrẹ́dì Agége tí ó ṣì ń gbóná.